Àwa La Gbà fún Àgbàrá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí òùngbẹ ń jẹ́, ẹ wá sí àdúgbò wa ní Kétu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kànga jìn, ẹ̀rọ omi jìnnà, bídọ̀n tí a fi ń pọnmi a sì tò lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá jẹ́ kí omi òjò kọjá níwájú ilé rẹ̀ láìgbé nǹkan gbà á, ọ̀lẹ ni.

Ẹ̀kọ́ yẹn ló bá wa dé ibi tí a dé yìí. Ràódátù lorúkọ mi, gàrí ni mò ń tà. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ yìí kí ẹlòmíràn lè gbọ́. Màá sọ ọ́, kì í ṣe pé ó dùn lẹ́nu mi.

Nígbà tí wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà wa, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe ojú àgbàrá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní kánífò. Ó gba iwájú ilé Bàbá Babalọlá, àgbà àdúgbò wa, ó gba iwájú ilé mi, ó wá gba ẹ̀gbẹ́ ilé Philomène nísàlẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, gbogbo wa jáde wá wo omi tó ń sáré lọ.

"Gbogbo omi yìí ló ń lọ báyìí?" Bàbá Babalọlá ń mi orí.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fi búlọ́ọ̀kù àti àpò iyẹ̀pẹ̀ dí kánífò pa. Ó gbẹ́ kòtò ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa yà síbẹ̀. A súre fún un títí. Gbogbo wa là ń pọn níbẹ̀, à ń fi fọṣọ, à ń fi po amọ̀. Bídọ̀n mẹ́ta ni tèmi láràárọ̀. Aurore, ọmọ kan ṣoṣo tí Philomène bí, náà ń pọn.

Kò pẹ́ tí Géraud dé lórí alùpùpù rẹ̀. Ọmọ Idigny ni, ó kọ́ṣẹ́ ọ̀nà àti omi, òun ló ń yẹ àwọn kánífò wò.

"Bàbá, ẹ kú ilé o. Ta ló dí ibí yìí?"

"Èmi ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Bàbá, mi ò bá tìjà wá. Ilẹ̀ tó wà níbí tẹ́lẹ̀ máa ń mu omi. Ọ̀dà kì í mu omi, páànù kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá bọ́ sórí wọn, inú kánífò yìí ló yẹ kó gbà lọ. Bí kòtò yín bá kún, ibo lomi á yà sí?" Ó nawọ́ sí ilé Philomène. "Ilé alámọ̀ nìyẹn. Bí omi bá ti rin ìdí ògiri rẹ̀, ó parí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Àwọn ará Kútọnu lomi ń dà láàmú. Lórí òkè tiwa yìí, omi kò wó ilé ẹnikẹ́ni rí."

"Ọ̀nà kò lọ́dà nígbà yẹn, Bàbá. Bí ẹ bá ń fẹ́ omi, ẹ gbà á lórí òrùlé. Ẹ fi ọ̀pá sí etí páànù kó máa dà sínú sìtẹ́nì, àgbá omi ńlá, kí àkúnwọ́sílẹ̀ rẹ̀ máa bọ́ sí kánífò."

Bàbá kẹ̀yìn sí i. Géraud bá kọjú sí èmi tí mò ń pọnmi nídìí kòtò. "Ìyá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Mo wo bídọ̀n mi. "Ṣé èmi ni n ó máa kọ́ àgbà lọ́gbọ́n?"

Irọ́ ni mo pa. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ àgbà ló dí mi lẹ́nu, omi ni.

"Ẹ̀yin àgbà lẹ sọ ọ́," Géraud ń gun alùpùpù rẹ̀, "pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò níí gbà fún un."

Lóṣù kẹfà, lọ́jọ́ ọjà, òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò sì dá. Philomène wà lọ́jà. Aurore wà nílé, ó ń rán aṣọ àwọn ọmọ iléèwé. Nígbà tó di ọ̀sán, kòtò kún, omi gba orí ọ̀nà, ó forí lé ìsàlẹ̀.

Mo rí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo rí i láti ẹnu ọ̀nà mi. Mo ní bí òjò bá dá, a ó yọ búlọ́ọ̀kù kan. Bàbá náà dúró lábẹ́ òrùlé tirẹ̀, ó ń wò ó. Kò wu ẹnikẹ́ni nínú wa kí omi kòtò ṣòfò.

Ògiri wó. Ọkọ́ la fi wa amọ̀ náà. Nígbà tí a kan Aurore, ó ti kú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Géraud dé. Ó yọ búlọ́ọ̀kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ rárá tí omi fi padà sínú kánífò, tí orí ọ̀nà mọ́. Ìgbà yẹn ni Bàbá Babalọlá jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ wẹ òkú, mo gbé bídọ̀n kan wá. Philomène bi mí léèrè ibi tí mo ti pọn ọ́n. Mo nawọ́ sí kòtò Bàbá Babalọlá.

"Dà á nù," ló wí.

Ó gbé bídọ̀n tirẹ̀, ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó jìnnà, ó tò sẹ́yìn àwọn èèyàn bí gbogbo ọjọ́, ó pọn omi tó fi wẹ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Odomẹ̀ta, ẹ má dí kánífò, ẹ má da pàǹtí tàbí iyẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ má kọ́lé sójú àgbàrá. Orí òrùlé ni kí ẹ ti gba omi tí ẹ máa lò. Bí ẹ bá rí omi tó yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tó wà nínú ilé alámọ̀ jáde, ká tó máa ro ti omi. Bí aládùúgbò yín bá sì dí ojú àgbàrá, ẹ sọ fún un, àgbà ì báà jẹ́. Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ sọ ní mẹrí, ọ́fíìsì ìjọba ìlú.

Mo mọ̀ pé ojú máa ń tini láti sọ ọ́. Ojú tì mí lọ́jọ́ tí Géraud bẹ̀ mí. Àgbàrá sì ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é. Àwa onílé la gbà fún un.