Kéèsì Dúdú Tó Ń Wú Láti Inú

Òtítọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Mi ò ní kẹ́ ẹ kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ wọkọ̀ lọ sí Ojú Ore, kẹ́ ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Á kọ́kọ́ wò yín lójú dáadáa. Á rẹ ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Èmi náà kò tíì sọ ọ́ rí kí inú má bí mi.

Olúwayẹ́misí ló ṣẹlẹ̀ sí, ọmọ Ìkirè tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Yẹ́misí Oníbáàjì. Ẹ̀rọ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń fi òwú ya báàjì sára yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ ohun tí ẹ̀rọ náà máa yà fún un. Kò rí owó ra odidi kọ̀ǹpútà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó sórí páálí lórí tábìlì. Ìhòòhò ni mádàbọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, wà níbẹ̀, títí ọmọọ́lé kan fi já bọ́ láti àjà sórí rẹ̀ nígbà òjò. Ọmọọ́lé kú, mádàbọ́ọ̀dù kú.

Ó fara ṣiṣẹ́ títí ó fi ra òmíràn. Ó wá búra pé èyí kò ní í ṣiṣẹ́ fún òun láìní kéèsì, àpótí irin tí wọ́n ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí. Iléèwé kan ní Adó-Odò ti gbé iṣẹ́ báàjì gbogbo ọmọ wọn fún un, ó sì gbọ́dọ̀ parí kí wọ́n tó wọlé sáà tuntun. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, ṣọ́ọ̀bù náà á bọ́, Yẹ́misí á sì padà sí iléeṣẹ́ tó ti kúrò ní Agbára, níbi tó ti máa ń wà lórí ìdúró títí kókósẹ̀ rẹ̀ fi ń wú. Ó ti sọ ọ́ pé òun kò ní í padà síbẹ̀ láéláé.

Ó kọ́kọ́ lọ sí Ṣàngó, lábẹ́ bíríìjì. Àwọn tó ń ta kéèsì gbé eléyìí tó ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá fún un, iná aláwọ̀ mèremère ń tàn nínú rẹ̀. Ó bi wọ́n pé kí ni iná fẹ́ ṣe fún báàjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé èyí tí owó rẹ̀ ká wá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, irin náà sì tẹ̀. Ó wo iwájú rẹ̀, kò síhò kankan tí atẹ́gùn lè gbà wọlé. Inú bí i. Ó ní ṣé kéèsì ni wọ́n ń tà fún òun àbí agolo mílíìkì. Irin tó nípọn, ihò fún atẹ́gùn, síkúrúù tí kò ní í yọ̀: ṣé ìyẹn pọ̀ jù fún ẹni tó fi òógùn ojú wá owó? Bó ṣe ń rojọ́ nínú kẹ̀kẹ́ nìyẹn títí ó fi délé.

Ọ̀dọ̀ Bàdírù ló ti wá rí ohun tó wù ú. Bàdírù ń ta ríjẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọjà tí àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ nítorí àbùkù: korobá tí ọwọ́ rẹ̀ wọ́, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Kéèsì dúdú kan wà lábẹ́ àwọn àga náà. Irin rẹ̀ nípọn. Ihò wẹ́wẹ́ kún iwájú rẹ̀. Kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé irin ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ wú díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi ẹyin pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Yẹ́misí bèèrè iléeṣẹ́ tó ti wá. Bàdírù fẹnu júwe géètì aláwọ̀ búlúù ńlá kan tó wà níwájú lójú títì. Yẹ́misí ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe nǹkan kọ̀ǹpútà níbẹ̀.

"Ọjà ni," Bàdírù dá a lóhùn. "Kì í ṣe ọmọ tí wọ́n ń bèèrè bàbá rẹ̀."

Ó rà á.

Bàbá Àmọ̀dá, panẹbítà tó ń lu ara mọ́tò, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Yẹ́misí. Àgbàlagbà ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Yẹ́misí tú irin ẹ̀gbẹ́ náà, ó gbé e lọ bá a. Bàbá fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀, ó fi pépà oníyanrìn ha á, ojú irin sì jọ̀lọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Yẹ́misí to gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú kéèsì. Ó tan iná sí i. Kọ̀ǹpútà náà jí lẹ́ẹ̀kan náà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra mílíìkì tútù fún ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbì, wọ́n mú iná lọ. Gbogbo fáànù àdúgbò dúró. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí àwọn jẹnẹrétọ̀ tó gbéra, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ni nǹkan ti dún lórí tábìlì.

Kọ́. Kọ́.

Irin tó gbóná a máa dún bó bá ń tutù. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó fi máa dé láàárọ̀, irin náà ti wú padà. Ojú ibi kan náà ni. Ó sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó gbé e kọjá títì pẹ̀lú ìbínú. Ó ní kí Bàbá Àmọ̀dá má fi òun ṣe ọmọdé, pé iṣẹ́ ojú ayé ni wọ́n ṣe fún òun. Bàbá náà fara ya. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń lu irin, iṣẹ́ òun kan kò padà wá rí. Yẹ́misí pa á lówe pé a kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀ kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ìyẹn dun Bàbá ju èébú lọ. Ó lu irin náà pẹ́ títí, ó kùn ún ní ọ̀dà dúdú, ó sì dá a padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dà náà ti sán. Wíwú náà kò dà bí ẹyin mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún èèyàn, tó tì wá síta láti inú. Ìka rẹ̀ hàn. Ìka tó tẹ̀ lé ọmọńdinrín kúrú, ó dà bíi pé wọ́n ti gé e nígbà kan.

Lọ́tẹ̀ yìí, Yẹ́misí kò pariwo. Ó kàn gbé e síwájú Bàbá Àmọ̀dá. Bàbá wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó.

"Kí ló wà nínú kéèsì yìí tó lè tì í síta?"

"Fáànù nìkan ni, Bàbá."

Ó gbé òòlù sókè. Ó lù ú jẹ́jẹ́. Ó gbé etí lé e. Ó tún lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó fi òòlù sílẹ̀. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà kò lómi.

"Gbé e kúrò níbí, Yẹ́misí."

"Kí ló dé?"

"Irin ni mo máa ń lù," Bàbá Àmọ̀dá wí. "Mi ò kì í lu èèyàn."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oòrùn ṣì wà lókè.

Yẹ́misí fọwọ́ kan irin náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kì í ṣe bí irin tí oòrùn pa, bí ara èèyàn ni. Ẹ̀rù bà á, kò sì purọ́ pé kò ba òun. Àmọ́ ìbínú rẹ̀ ju ẹ̀rù lọ. Ó tú ẹ̀yà kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò, ó gbé kéèsì náà padà fún Bàdírù.

Bàdírù tó máa ń bá èèyàn jiyàn lórí ọwọ́ korobá kò jiyàn rárá. Ó wo ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò. Ó gbé kéèsì mìíràn wá, tuntun nínú páálí, irin rẹ̀ nípọn, kò sì ní kó fowó lé e. Kí ló tún kù? Báàjì ń dúró. Yẹ́misí gbà á. Ó ti ń lọ kó tó bojú wẹ̀yìn. Bàdírù ti ń fi àkísà nu kéèsì dúdú náà. Ó gbé e sí iwájú ìsọ̀, ó kọjú ẹ̀gbẹ́ tó wú sí ògiri.

"Ṣé ẹ fẹ́ tún un tà ni?"

"Oníbàárà ò tán láyé."

"Ẹni tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

Bàdírù kò bi í pé ta ni. "Ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó gbé e padà," ló sọ. "Gba tìẹ, kó o máa lọ."

Ẹ sọ fún mi, irú ọkàn wo nìyẹn? Yẹ́misí gbé kéèsì tuntun sílẹ̀. Ó mọ ohun tó ń gbé sílẹ̀. Ó gbé dúdú náà sórí, ó sì kọjú sí géètì búlúù.

Bó ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀ ni nǹkan náà ń wúwo. Bàbá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ẹnu géètì. Yẹ́misí sọ fún un pé òun fẹ́ mọ ẹni tó ni ọwọ́ yìí, kí ẹni tó jẹ́ ojúṣe rẹ̀ jáde wá. Arúgbó náà gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ lé ọwọ́ ara irin náà. Ó wá ìka tó kúrú kàn, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró níbẹ̀.

"Ẹ mọ̀ ọ́n," Yẹ́misí wí.

Arúgbó náà ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan tó wọ táì jáde wá, ẹnu náà sì pa dé. Ọ̀gá náà ní àwọn kì í ṣe kéèsì kọ̀ǹpútà, àwọn kò ṣe é rí. Yẹ́misí ní ó dáa, òun á gbé e kiri Ojú Ore kí gbogbo ayé rí i. Ọ̀gá ní rárá, ẹrù iléeṣẹ́ ni, kò yẹ kó jáde.

"Màdáámù, ẹ gbé e sílẹ̀."

"Ohun tẹ́ ò ṣe rí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Ọ̀gá náà pe àwọn òṣìṣẹ́ jáde. Wọ́n já a gbà. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ti géètì mọ́ ọn níta. Yẹ́misí pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó gbọ́ ọ lẹ́yìn géètì, kọ́, kọ́, kí fèrè pàṣípààrọ̀ iṣẹ́ tó dún bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ẹnu ọ̀nà kékeré jáde. Kò sí ẹni tó wojú rẹ̀.

Bàdírù kò fún un ní kéèsì tuntun náà mọ́. Orí páálí ló tún to kọ̀ǹpútà sí, ó ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó, ó sì jókòó tì í pẹ̀lú ìgbálẹ̀ nítorí ọmọọ́lé. Ó parí báàjì náà. Kò padà sí Agbára. Ṣùgbọ́n ìbínú yẹn kò kúrò lára rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni géètì búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó kọ́kọ́ tó ẹyin. Wọ́n kùn ún. Ó di ọwọ́, ó tì síta sí ojú títì, ìka kan kúrú. Ọ̀gá onítáì fúnra rẹ̀ fi mọ́tò wá gbé Bàbá Àmọ̀dá, ó ní ohun tó bá fẹ́ ni kó gbà. Yẹ́misí tẹ̀ lé wọn. Arúgbó ọjọ́sí kò sí lẹ́nu géètì mọ́, ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Nígbà tí Yẹ́misí bèèrè rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ rí.

Bàbá Àmọ̀dá gbé etí lé géètì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó yíjú sí ọ̀gá náà, ó na òòlù sí i.

"Ẹ lù ú fúnra yín."

"Ẹ gbà á," Yẹ́misí náà wí. "Ṣebí ẹ ò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá náà wo òòlù. Kò gbà á. Ó wọ mọ́tò rẹ̀.

Wọn ò tíì pààrọ̀ géètì yẹn títí di òní. Mo gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́ yìí. Ó ti di ọwọ́ méjì, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìka èkejì pé, ó sì hunjọ bí ọwọ́ arúgbó. Mo sún mọ́ ọn kí n lè rí i dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn méjèèjì.