Ìdérí Pupa, Ìdérí Dúdú

Ṣíbí tíì ìyá mi ni mo fi bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, mo sì kùn ún sójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Fi sí imú dáadáa," Christabel, ọ̀rẹ́ mi, ń sọ fún mi. "Ibẹ̀ ni irorẹ́ rẹ pọ̀ sí."

Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà o. Lọ́dún náà, mo wà ní SS2, irorẹ́ sì bò mí lójú débi pé Gúgúrú ni àwọn ọmọ kíláàsì wa ń pè mí. Nígbà tí Christabel fi hàn mí lórí fóònù bí àwọn obìnrin kan ṣe ń fi ẹrẹ̀ òkun para kí ojú wọn lè máa dán, mo ti gbà kó tó parí ọ̀rọ̀. Ẹrẹ̀ òkun kúkú wà nínú firiji ìyá mi.

Àǹtí Tiwalọlá ló gbé e wá. Wọ́n háyà yàrá méjì lókè ilé wa ní Mushin. Dókítà ni wọ́n, àmọ́ kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ń ṣèwádìí nípa rẹ̀. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ òkun lọ sí agbami, wọ́n ti páìpù gígùn bọ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì fa ẹrẹ̀ jáde. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń bá ẹrẹ̀ náà yí. Àfi bí tiransifọ́mà tó ń fún ibi iṣẹ́ wọn ní Yaba ní iná ṣe jóná lọ́jọ́ kan. Àǹtí Tiwalọlá àti Bọ̀dá Kọ́lápọ̀ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ bá sáré gbé páìpù náà, tí wọ́n ti gé sí ọ̀nà márùn-ún, wá bá ìyá mi, tó ń ta mínírà àti sobo níwájú ilé, nítorí pé sólà ni firiji wa ń lò.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Shakirat, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tutù, àmọ́ kò gbọdọ̀ dì."

"Ẹrẹ̀, Dókítà? Láàárín mínírà mi?"

Àǹtí Tiwalọlá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó máa ń wà nídìí ìgò sobo? Bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ yìí ṣe ń rọra balẹ̀ sídìí òkun lọ́dọọdún. Tuntun ló wà lókè, ti ìsàlẹ̀ ti lo ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ọdún. Ìkarahun wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí. Àwọn ló ń sọ fún wa ìgbà tí òjò pọ̀ àtìgbà tí ọ̀dá dá. Ẹni tó bá mọ bí òjò ṣe ṣe láyé àtijọ́ ló lè sọ ohun tó máa ṣe fún Èkó lọ́la."

Ìyá mi kó mínírà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bọ̀dá Kọ́lápọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àǹtí wá kọjú sí mi, nítorí èmi ni wọ́n ń kọ́ ní fíṣíìsì lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo Sátidé. "Shakirat, ìdérí pupa ni orí, ìdérí dúdú ni ìdí. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni mo wí.

Ọjọ́ kejì ni mo gbé ṣíbí. Ìyá mi ti wọlé lọ kí ìrun alásárì. Mo ṣí ìdérí pupa páìpù kẹta, mo bu tèmi. Christabel ní ti ìsàlẹ̀ ló pẹ́ jù, agbára rẹ̀ á pọ̀ jù, ó bá ṣí ìdérí dúdú. Bí a ṣe gbọ́ ìró bàtà ìyá mi, a sáré dé ìdérí méjèèjì, a ti páìpù padà sínú firiji, a sì fi omi inú ọ̀rá fọ ojú. Irorẹ́ mi kò lọ. Ó tilẹ̀ tún bí sí i ni.

Nírọ̀lẹ́, mo tún wo páìpù náà. N kò mọ̀ bóyá orí la dé ìdérí pupa lé tàbí ìdí.

"Ẹrẹ̀ lásán ni jàre," Christabel wí. "Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Nígbà tí iná dé ní Yaba, wọ́n wá kó páìpù wọn, Àǹtí sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ṣọ́ ọ dáadáa. Ọpẹ́ yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Àǹtí Tiwalọlá wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé. Wọn kò mú ìwé fíṣíìsì dání. Wọ́n jókòó lórí kéréètì mínírà, ojú wọn pọ́n.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ìyá mi wí. "Dókítà, kí ló dé?"

"Páìpù kẹta ni, mà. Ibi tó yẹ kí n ti rí òjò, ọ̀dá ni mo bá níbẹ̀. Kọ́lápọ̀ ló bu ẹrẹ̀ yẹn sínú ìgò kéékèèké. Ó ti da àwọn ìgò pọ̀, ó sì ń búra pé òun ò ṣe é. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta! Ní Mọ́ńdè, màá ní kó máa lọ."

Mo rántí ìdọ̀bálẹ̀ Bọ̀dá Kọ́lápọ̀. Mo tún rántí ẹ̀kọ́ fíṣíìsì mi, àti ìtìjú tí ìyá mi yóò rí. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Àmọ́ iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ni yóò bá a lọ.

"Àǹtí, kì í ṣe Bọ̀dá Kọ́lápọ̀. Èmi ni." Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀, látorí ṣíbí dórí ìdérí.

"Ìwọ Shakirat!" ìyá mi kígbe. "O bà mí lórúkọ jẹ́!"

Àǹtí Tiwalọlá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìdérí méjèèjì lẹ ṣí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n sáré gun òkè láìwọ bàtà, wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà wọn bọ̀. Fọ́tò páìpù náà wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n yà nínú ọkọ̀ òkun. Ilà funfun kan hàn lára ẹrẹ̀ náà, nítòsí orí. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà ní Yaba, ìdí ni ilà náà wà.

"Orí ti di ìdí!" Ẹ̀rín àti ẹkún jọ bọ́ lẹ́nu wọn. "Kò sóhun tó bàjẹ́. Màá kàn kà á láti ìdí wá ni!" Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti pe Bọ̀dá Kọ́lápọ̀. "Kọ́lápọ̀, jọ̀ọ́, má bínú. Mo ṣì ọ́ mú."

Èmi náà kò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n dá ẹ̀kọ́ mi dúró fún oṣù kan, wọ́n sì ní kí n máa wá bá Bọ̀dá Kọ́lápọ̀ fọ ìgò ní Yaba. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò lè wò ó lójú. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àbúrò, o ṣé. O lè dákẹ́, o ò dákẹ́."

Ó ní kí n yọjú sínú ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan kékeré tóbi. Mo rí ìkarahun kan, funfun, roboto, ó ṣe kókó kókó. Gúgúrú gan-an ni! Mo bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní kíláàsì kò dùn mí mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ Àǹtí Tiwalọlá jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀. Wọ́n tẹ ojú ewé tó gbẹ̀yìn fún wa, ìyá mi sì ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Ọpẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Kọ́lápọ̀ fún sùúrù rẹ̀, lọ́wọ́ Ìyá Shakirat tó fi firiji mínírà tọ́jú ẹrẹ̀ òkun, àti lọ́wọ́ Shakirat tó sọ òtítọ́. Ìyá mi ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.

Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi ẹ̀tọ́ bá mi wí, tí wọn kò sì ta mí nù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́ kì í pẹ́ tún ṣe. Èyí tí a bá dé ìdérí lé, aláìṣẹ̀ ló máa ń jìyà rẹ̀. Ìwé ọpẹ́ náà ṣì wà lára firiji wa. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyá mi á pè mí kí n wá kà á, èmi náà á sì kà á dé ibi orúkọ mi.