Lẹ́tà Mọ́kànlá Lábẹ́ Tábìlì

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Oníkọ́kọ́rọ́ ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ gé kọ́kọ́rọ́, ó ń súfèé. Ẹsẹ̀ kan tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ kúrú, àmọ́ kò mì mọ́: lẹ́tà báǹkì mọ́kànlá tí kò tíì já wò ló fi gbé e dúró. Kò sí ilẹ̀kùn tí kò lè ṣí ládùúgbò. Àpòòwé nìkan ni kò fẹ́ ṣí.

Káàdì àwìn tí báǹkì fún un ló fi ra ẹ̀rọ náà. Ó san owó fún oṣù mẹ́rin, iṣẹ́ dẹ̀, ó sì jáwọ́.

“Ẹ pe báǹkì,” ni ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, tún wí.

“Kí n pe ta? Ṣé owó tèmi ni wọn ó fi jẹun alẹ́ ni?”

“Gbèsè kì í jẹrà, olówó orí mi. Ṣe ló ń bímọ.”

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí òṣìṣẹ́ kóòtù fi wọlé pẹ̀lú alágbára méjì.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù?”

“Bí mo bá ní èmi kọ́ ńkọ́?”

“A ó ṣì gbé ẹ̀rọ yẹn, sà.”

Oníkọ́kọ́rọ́ gbára lé ẹ̀rọ. “Ẹ ó kọ́kọ́ gbé èmi.”

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó fa lẹ́tà yọ. Tábìlì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kọ́kọ́rọ́ sì dà sílẹ̀. Ó ń já wọn, ó ń kà wọ́n sókè. Ẹ̀kẹta ní: bí o kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, pè wá kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, a ó dá owó èlé dúró. Ìkeje ní: a ti kọ orúkọ rẹ sínú ìwé àwọn tí kì í san gbèsè, tí onílé àti ayánilówó ń yẹ̀ wò. Ìkẹyìn ní: wá sí kóòtù.

“Ọjọ́ wo?” ni Oníkọ́kọ́rọ́ béèrè.

“Ó ti kọjá,” ni òṣìṣẹ́ náà dáhùn. “Wọ́n ti dá ẹjọ́ yín lẹ́yìn yín.”

Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Oníkọ́kọ́rọ́ kó lẹ́tà mọ́kọ̀ọ̀kànlá lọ sí báǹkì. “Mi ò wá bẹ̀bẹ̀,” ó wí. “Ẹ ṣírò owó èlé yìí lójú mi.” Gbèsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, àmọ́ wọ́n bá owó ìtanràn kan tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yọ ọ́. Ìyókù, ọdún mẹ́ta ni yóò fi san án, ó sì ní kí wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀ kí òun tó dìde. Ayùn ọwọ́ ló fi ń gé kọ́kọ́rọ́ báyìí, tábìlì rẹ̀ sì ń mì.

Ìwọ náà, já lẹ́tà tìrẹ lónìí. Bí owó ò bá sí, sọ fún wọn kí ọjọ́ sísan tó pé, gba àdéhùn lákọsílẹ̀, sì lọ sí kóòtù bí wọ́n bá pè ọ́. Bá wọn jà bó bá tọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kà á.