Bẹ́líìtì Ọlátúndé

"Kí ló ń jẹ ẹran ara ọmọkùnrin yìí?"

Màmá Yéjídé ló béèrè, nínú pálọ̀ wọn ní Igbó-Elérin. Yéjídé wo ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ tẹrí mọ́ sálúbàtà ọmọ rẹ̀ tó ń tún ṣe, ó fa òwú.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Àwọn ará ilé rẹ̀ ń bọ̀ wá mọ̀ wá ní Sátidé. Bí mi ò bá mọ ohun tó ń gbẹ ẹ́, mi ò ní ṣílẹ̀kùn. Àrùn éèdì wà níta."

Ọlátúndé tí wọ́n ń sọ yìí kò tín-ín-rín lọ́jọ́ tí Yéjídé kọ́kọ́ rí i. Ìyànà Ìbà ni, lọ́dún 1992, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, bẹ́líìtì rẹ̀ já pàù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú láàárín ẹrẹ̀. Ìwé tó fi sábíyá ń yọ̀ bọ́. Yéjídé, tó gbé oúnjẹ wá sí ìsọ̀ tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe bàtà, sáré gbà á.

"Ẹ ṣeun. Mi ò lè bọ̀ yín lọ́wọ́."

"Ẹ má bọ̀ mí lọ́wọ́ o. Ẹ di nǹkan yín mú."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Bàbá Yéjídé ṣe bẹ́líìtì tuntun fún un, awọ pupa rúsúrúsú, òwú funfun létí. Láti ọjọ́ náà, olùkọ́ yunifásítì tó ń gbé Ìbà Housing Estate yìí kò mọ ọ̀nà ibòmíràn mọ́.

Ọdún kan dùn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Yéjídé rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ obìnrin mìíràn ló ń bọ́ ọ, á sanra. Bó bá jẹ́ àìsàn, kí ló ń fẹsẹ̀ rìn láti Estate dé Ìyànà Ìbà láràárọ̀ fún, tó ń súfèé? Nínú kúlà tó ń gbé lọ fún un, ẹran dídín ń padà wá, ẹ̀fọ́ nìkan ló ń tán.

"Túndé, kí ló ń jẹ ẹ́?"

"Ìfẹ́ ẹ ni."

"Ìfẹ́ mi kì í jẹ ẹran ara."

"Ó dá ẹ lójú?" Ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Sátidé ku ọ̀la, Yéjídé lọ bá bàbá rẹ̀ ní ìsọ̀. Ọlátúndé ló bá níbẹ̀, tó tún di ṣòkòtò mú bíi tọjọ́ àkọ́kọ́. Bàbá ń fi òlu lu ihò sí bẹ́líìtì náà. Bẹ́líìtì ọ̀hún ti kúrú.

"Ẹ mọ̀, Bàbá. Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́."

"Ẹnu rẹ̀ ló yẹ kó ti jáde."

Ọlátúndé kọjú sí Yéjídé. "Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ mi wá. Dókítà rí kókó nínú ìfun mi, wọ́n gé e. Kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ ló máa ń dì í. Wọ́n ní òmíràn lè hù, pé bí mo ṣe sanra tó lè ràn án lọ́wọ́. Ni mo bá ń dín ara kù. Kí Màmá gbọ́ kókó, wọ́n á ti ilẹ̀kùn."

"Wọ́n ti fẹ́ tì í báyìí náà." Omijé bọ́ lójú Yéjídé. "Èmi wá ń din ẹran fún ẹ."

"Ẹ̀fọ́ yẹn dùn."

"Ẹ̀fọ́ ni mo máa máa sè fún ẹ títí a ó fi darúgbó nìyẹn."

"Mi ò lè búra pé òmíràn ò ní hù o."

"Mi ò ní kí o búra. Ṣáà máa sọ fún mi." Ó kọjú sí bàbá rẹ̀. "Kí la máa sọ fún Màmá?"

"Sọ fún un pé bí mo bá rò pé ikú ló ń bá ọmọ yìí rìn, mi ò ní fi awọ tí mo gé kúrò lára bẹ́líìtì rẹ̀ síbi tí mo fi í sí."

"Ibo lẹ fi í sí?"

Bàbá fi òlu tọ́ka sílẹ̀. Lára sálúbàtà tí Yéjídé wọ̀, lẹ́yìn gìgísẹ̀ méjèèjì, awọ pupa rúsúrúsú ni, òwú funfun létí.