Abíọ́nà Wo?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tinúadé fi lọ sí gbọ̀ngàn ìpè ní ìlú Òkè-Ìpè láràárọ̀, ẹ̀rọ Apenidé kò sì bi í ní ìbéèrè kankan rí. Yóò pe orúkọ ọmọ rẹ̀, yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, iná kékeré aláwọ̀ ewé yóò tàn, ẹ̀rọ yóò ní, "Ó ti dé." Òun náà yóò tún gèlè rẹ̀ wé, yóò gba ilé lọ. Àfi àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí. Ó pe orúkọ náà bó ṣe ń pè é, iná kò tàn. Ẹ̀rọ wá ní:

"Abíọ́nà wo?"

Tinúadé wo ẹ̀yìn. Ó rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Abíọ́nà ọmọ mi ni," ó dáhùn.

"Abíọ́nà ẹgbàá méje ó lé mẹ́fà ló wà nínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, Abíọ́nà wo?"

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá ẹ̀rọ náà wí. Ní ayé ìgbà tí à ń wí yìí, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá ti kọjá Òṣùpá, ó ti dé Ìràwọ̀ Pupa, ìrìn oṣù méje gbáko. Ìkúnlẹ̀ kì í sì í dúró kí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí sójú ọ̀nà, Abíọ́nà ni. Àwọn baba ńlá wa ti fi í lélẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀nà oko ni ọ̀nà tó jìn jù. Wọn kò rò ó pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ìdajì ọmọ ìlú yóò jẹ́ ọmọ ojú ọ̀nà. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ sí Òṣùpá fún àwọn aboyún tó ń rìnrìn-àjò di Ilé Ìwòsàn Abíọ́nà. Ọkọ̀ kan tó ń ru omi kiri sánmà ń jẹ́ Abíọ́nà. Abúlé àwọn alálùbọ́sà kan wà lórí Ìràwọ̀ Pupa tó ń jẹ́ Abíọ́nà, torí pé ṣe ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó dúró tún táyà ṣe níbẹ̀ tí wọn kò sì lọ mọ́. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan pàápàá ń jẹ́ ẹ, ìgbà tí wọ́n bá sì rìnrìn-àjò nìkan ni wọ́n máa ń borí. Kò sí èyí tó bá èkejì tan nínú gbogbo wọn.

Ti Tinúadé ni pé inú ọkọ̀ òfuurufú kejìlá ló bí ọmọ rẹ̀ obìnrin sí. Ní ọjọ́ kẹta, àìsàn kọ lu Tinúadé fúnra rẹ̀; ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gba àìwúwo ojú sánmà. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé pàdé tiwọn lọ́nà, wọ́n sì gbé e sínú rẹ̀ kó má baà kú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí egungun rẹ̀ dì níbi tí nǹkan kò ti wúwo kò lè gbé ilé ayé. Ọmọ náà àti bàbá rẹ̀ bá ìrìn lọ. Ọjọ́ kẹjọ kò tíì pé, wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ tí ọ̀nà fún un ló ń jẹ́. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ ti mú kalẹ̀ fún un, ṣe ni ìyá mú un padà wálé pẹ̀lú ìgò oyin tó rà fún ìsọmọlórúkọ.

"Ẹnu mi ni n ó fi sọ ọ́ sí i létí," ó máa ń wí. "Kì í ṣe ẹnu ẹ̀rọ."

Ìgò oyin náà wà lórí pẹpẹ nínú yàrá rẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, kò ṣí i.

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Ẹnjinníà Ṣówándé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Ilé Ìṣètò Orúkọ rán wá láti tún ẹ̀rọ ṣe kó máa béèrè ẹni tí wọ́n ń pè. Baálẹ̀ Òkè-Ìpè jókòó tì í, ó ti ń bá a jiyàn kí Tinúadé tó wọlé. Òfin tuntun ló dá ìjà sílẹ̀: tó bá di ọ̀sán ọjọ́ náà, orúkọ tí èèyàn tàbí nǹkan méjì bá jọ ń jẹ́ yóò pa rẹ́, kálukú yóò sì gba tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ni Baálẹ̀ wí. "Ilé wo lẹ wò kí ẹ tó ṣe òfin yìí? Orúkọ kì í ṣe fìlà tí èèyàn kàn lè ṣí sọ́wọ́."

"Bàbá, ẹ má bínú. Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ Abíọ́nà gbiná. Àwọn tó rí i láti ilé ayé ké pè é pé kó já ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń jó sílẹ̀, ẹ̀rọ gbé ìpè náà fún ilé ìwòsàn. Èèyàn méjìlá ló jóná. Ṣé ká máa wò wọ́n níran ni?"

Baálẹ̀ fa fìlà rẹ̀ wá síwájú.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni Tinúadé wí. Ó sún mọ́ Ṣówándé. "Ọmọ mi, bí kì í bá ṣe ẹni tí mo pè ló ń gbọ́, ta ló ti ń gbọ́ ohùn mi láti ọjọ́ yìí?"

Ṣówándé kọjú sí ẹ̀rọ. Ó ṣí ìwé ìpè inú ẹ̀rọ, ó ń fi ìka wọ́ ọ wá sílẹ̀. Apenidé rọrùn púpọ̀: bí èèyàn bá pe orúkọ, ẹni tó sún mọ́ jù lọ nínú àwọn tó ń jẹ́ ẹ lójú sánmà ló máa ń gbé ìpè náà fún. Nígbà tí wọ́n ṣe é, Abíọ́nà ojú sánmà kò ju mẹ́rin lọ. Ìka ọmọkùnrin náà dúró.

"Ilé Ìwòsàn Abíọ́nà, ní Òṣùpá," ó wí. "Gbogbo rẹ̀ ni, Mà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ìpè. Ìkankan kò dé Ìràwọ̀ Pupa."

Tinúadé wá ibi ìjókòó, ó jókòó. "Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni," ó ní. "Mo ní ó ń gbọ́ mi, kò kàn fẹ́ dáhùn. Mo máa ń délé, mo máa ń sọ fún ara mi pé ó tọ́ sí mi."

Baálẹ̀ yíjú sí Ṣówándé. "Ẹnjinníà, kò sí ohun tí a lè ṣe?"

"Ó ku wákàtí kan kí orúkọ náà pa rẹ́," ni Ṣówándé wí. Ojú ń tì í. "Mo lè ṣí ìpè àpapọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo Abíọ́nà ni yóò gbọ́ ọ pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sán, kò ní sí Abíọ́nà kankan tí a ó pè mọ́."

Tinúadé dìde. Ó ti gbìyànjú láti to ọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò wá rí ọ̀kan tò mọ́.

"Abíọ́nà, èmi ìyá rẹ ni, Tinúadé. Bí ó bá jẹ́ pé inú ọkọ̀ kejìlá ni wọ́n bí ọ sí, tí bàbá rẹ sì ní àpá iná lápá òsì, ìwọ ni mò ń bá wí. Mi ò fi ọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń pè ọ́. Dá mi lóhùn, ọmọ mi. Bí èébú lo fẹ́ bú mi, bú mi kí n gbọ́."

Òṣùpá ló kọ́kọ́ dáhùn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ni.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ni ohùn yìí? Ìjọba la rò pé ó ń fi í ránṣẹ́ láti fi tu àwọn ọmọ nínú! Òun la fi ń jí wọn láràárọ̀. Bí ẹ bá ti ní, 'Abíọ́nà, ṣé o jí ire?' ẹkún á dá wáí. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ṣé ẹ ó tún pè wọ́n lọ́la?"

"N ó pè wọ́n," ni Tinúadé dáhùn, kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó sọ ọ́.

Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Awakọ̀ kan, alásè kan, ìyàwó ilé kan tó ti bímọ mẹ́ta, gbogbo wọn ni wọ́n bí ní ilé ìwòsàn náà, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ: "Ìyá, mo mọ ohùn yín." Akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ìdíje wọn di Sátidé. Olórí abúlé alálùbọ́sà, tó wá tajà ní Òṣùpá, ní bí Ìyá bá ń bọ̀ lábúlé àwọn lọ́jọ́ kan, àlùbọ́sà kò ní wọ́n wọn. Tinúadé ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Ọmọ ọlọ́mọ tó tó báyìí ló ti fi ẹnu rẹ̀ tọ́, ẹyọ kan tí ó bí kò sí níbẹ̀.

Ìpè tó bá lọ sí olú ìlú Ìràwọ̀ Pupa tó bọ̀, àkókò rẹ̀ tó kí ìrẹsì jinná. Ó ku díẹ̀ kó di ọ̀sán nígbà tí ohùn akọ̀wé orúkọ ibẹ̀ wọlé, ẹni tó ń gba ìpè àwọn tó ti fi orúkọ wọn sílẹ̀.

"Ìyá Tinúadé, mo mọ ẹni tí ẹ ń wá. Ó wá sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn láti fi orúkọ náà sílẹ̀ kí òfin tó dé. Mo bi í bí wọ́n ṣe ní ká máa bi wọ́n pé, 'Ta ló ń fi orúkọ yìí pè ọ́?' Ó ní kò sí. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́ta lòun nígbà tí bàbá òun kú, 'Ìyá Abíọ́nà' nìkan ni bàbá sì fi ń pe ìyàwó rẹ̀, òun kò gbọ́ orúkọ mìíràn rí. Láti kékeré ló ti ń pe Ìyá Abíọ́nà lórí ẹ̀rọ. Ìyá onìyá ló ń dá a lóhùn. Ó ti wọ ọkọ̀ lọ sí àwọn ìràwọ̀ ọ̀nà jíjìn."

"Orúkọ wo ló gbà?" Ṣówándé ni Tinúadé bi, torí pé ohùn ọ̀hún ti tán.

Ọmọkùnrin náà kò lè gbójú sókè. "Wọ́n ti pa ìwé tó so orúkọ méjèèjì pọ̀ rẹ́, Mà. Kí ẹnikẹ́ni má baà fi orúkọ àtijọ́ lépa èèyàn. Èmi ni mo kọ apá yẹn nínú òfin."

Baálẹ̀ kò bá a wí. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó wá jókòó ti Tinúadé, wọ́n sì jọ wà níbẹ̀ títí ọ̀sán fi pé tí iná ara ẹ̀rọ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tinúadé tún wá. Ó kọ́kọ́ kí àwọn ọmọ Òṣùpá lórúkọ tuntun tí wọ́n fún ilé ìwòsàn náà, torí ó ti ṣèlérí. Lẹ́yìn náà ló mú ìgò oyin jáde lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Oyin náà ti dì gbagidi. Ó fi èékánná họ díẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó sì tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

"Àbọ̀rẹ̀dùn," ó pè é.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni yóò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Apenidé wá a pẹ́ títí. Ṣówándé dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè lọ.

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí," ni ẹ̀rọ wí, "láyé tàbí lójú sánmà."

Tinúadé nu ẹnu rẹ̀, ó sì tún un pè.