Ẹyẹ Tó Fò Lóko Àna

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ kú ìjókòó. Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí o, mi ò bù mọ́ ọn.

Ní Lalupon níbí, lábẹ́ àtíbàbà tí mo ti ń báàyàn ṣáàjì fóònù, ni Roheem ti kọ́kọ́ rí Rùqáyyàh. Ọmọbìnrin náà jókòó lórí àpótí, ó fi híjáàbù aláwọ̀ ewé borí, ó tẹjú mọ́ géèmù oníbọn kan táwọn èèyàn jọ máa ń gbá lórí fóònù. Roheem, tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Erunmu, ń gbá a náà. Ni wọ́n bá jọ wọ ẹgbẹ́ kan.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi yìnbọn pa Roheem nínú géèmù náà.

Rùqáyyàh ní, "Ṣé o ò ráwọn ẹyẹ tó fò nínú igbó yẹn ni?"

"Mo ṣebí wọ́n kàn fi ṣẹ̀ṣọ́ ni."

"Ẹ̀ṣọ́ kọ́. Tẹ́nì kan bá ń yọ́ bọ̀ nínú igbó, wọ́n á fò. Tó o bá ti rí i, dojú bolẹ̀, má mira. Ṣó o ti gbọ́, Bọ̀dá Olóògbé?"

Roheem rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Bàbá Rùqáyyàh ò gbà kó fẹ́ ẹ. "Ẹni tó ń fi fóònù yìnbọn? Ṣó lè gbé ọkọ́?"

Ni Roheem bá lóun á wá ro oko àna, bí wọ́n ṣe ń ṣe látijọ́. Àwọn ajínigbé sì ti gbé èèyàn méjì lọ́nà oko yẹn.

"Jọ̀ọ́, má lọ," Rùqáyyàh ń bẹ̀ ẹ́.

"Tí n ò bá lọ, wọn ò ní fún mi ní ẹ, olólùfẹ́."

Ọ̀sán gangan ni. Roheem àti bàbá Rùqáyyàh ń ro oko ẹ̀gẹ́. Lékeléke fò lẹ́yìn igi kajú lọ́hùn-ún. Ó ṣe díẹ̀, àparò tún fò pẹ̀rẹ̀ nítòsí. Roheem ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó fọwọ́ dí bàbá lẹ́nu, ó sì gbé wọn ṣubú sáàárín ebè.

Ọkùnrin mẹ́rin yọ, tìbọntìbọn. Ọ̀kan dúró, ó tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bàbá. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápò Roheem: Rùqáyyàh ló ń pè. Roheem fi gbogbo ara ẹ̀ dùbúlẹ̀ lé fóònù náà. Ọkùnrin náà wò yíká, ó sì tẹ̀ lé àwọn yòókù lọ.

Bàbá dìde jókòó sáàárín ebè. "Èmi náà rí ẹyẹ yẹn. Mo ṣebí àṣá ló lé wọn ni. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ọmọ yín ni, sà. Nínú géèmù."

Bàbá nu ojú wọn. "Kó àwọn èèyàn ẹ wá lọ́jọ́ Jímọ̀."

Èmi náà wà níbi níkáà, níbi tí wọ́n ti so yìgì wọn. Bí àfáà ṣe ń ṣàdúà lọ́wọ́, ẹyẹlé fò lórí páànù mọ́sálásí. Ọkọ ìyàwó àti bàbá ìyàwó dojú bolẹ̀ pọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

Rùqáyyàh kúrò láàárín àwọn obìnrin, ó wá kúnlẹ̀ ti Roheem, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Ẹyẹlé lásán ni. Ẹ dìde, ọkọ mi."

Òun náà sì ń yọjú wo ẹ̀yìn mọ́sálásí.

Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá nírú ìtàn yìí, ẹ kọ ọ́ sí mi. Ẹni tí ò bá lè kọ̀wé, kó wá sábẹ́ àtíbàbà mi wá sọ ọ́. Màá bá a ṣáàjì fóònù ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.