Òkè Tó Wà Lẹ́yìn Ìdérí Kámẹ́rà

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo mutí. N kì í mutí. Ọpọlọ mi pé, ọjọ́ orí kò tíì kó o lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ojú mi ló ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó dìde kó lọ sùn.

Fọ́tò ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti ń hù. Mo ya ìyàwó, mo ya òkú, mo ya àwọn olówó tí wọn kì í rẹ́rìn-ín. Àwòrán kan ṣoṣo ló kù tí n kò tíì yà: oòrùn tó ń yọ, kí n yà á láti orí òkè ńlá tí a ń rí lójú fèrèsé ilé ìdáná wa. Ọdọọdún ni mo ń sún un síwájú. Àfi ìgbà tí dókítà ojú pè mí jókòó, tó ní iṣan ojú mi méjèèjì ti ń kú, kò sí oògùn tó lè jí i. Ó ní kí ọdún yìí tó parí, bóyá ni màá fi lè mọ ojú èèyàn yàtọ̀ sí ògiri. Mo rẹ́rìn-ín lójú ẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo sunkún.

Mo pe afinimọ̀nà tó ń mú àwọn èèyàn gun òkè náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ẹ̀.

"Bàbá, òkè yìí le o," ló wí lórí fóònù. "A máa sùn lójú ọ̀nà. Òtútù wà. Afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí sínú kò pọ̀ lókè yẹn."

"Mo gbọ́."

"Ẹ di ẹrù sínú báàgì yín, kí ẹ máa gbé e gun àtẹ̀gùn ilé yín. Bí ẹ bá ti lè gùn ún dókè láìdúró, ẹ pè mí."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àjà ìkẹyìn là ń gbé nínú ilé gíga kan. Mo ki ìgò omi kún inú báàgì, mo wọ bàtà tuntun tó le koránkorán, mo ń gòkè, mo ń sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún mi ń ké. Aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ a yọjú síta.

"Bàbá, ta lẹ jí lẹ́rù gbé?"

"Tìẹ ni."

Ìyàwó mi kò bá wa rẹ́rìn-ín. Àyà máa ń dùn ún. Bó bá gun àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ó di kó jókòó ká tó lè bá a sọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn," ló wí lọ́jọ́ kan, "òkè lẹ fẹ́ gùn, àbí ikú lẹ fẹ́ lọ kí nílé?"

"Ìyá wọn, bí n ò bá lọ báyìí, n ò ní lè lọ mọ́."

Ó mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń bínú.

Ohun kan wà tí àwa tó ń lo fíìmù máa ń ṣe. Bí a bá ki fíìmù tuntun sínú kámẹ́rà, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti rí ìmọ́lẹ̀, ó ti bàjẹ́. A ó wá tẹ kámẹ́rà dànù díẹ̀, kí fíìmù lè sún dé ibi tó dáa. Àwọn kan kì í dé ojú kámẹ́rà bí wọ́n bá ń ṣe é. Èmi máa ń fi ìdérí dé e. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kámẹ́rà kì í lajú lásán. Nítorí náà, kò yẹ kí ohunkóhun wà níbi tí mo bá tẹ̀ dànù.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kámẹ́rà mi àtijọ́ ṣì lágbára fún òkè. Mo ya àtẹ̀gùn, mo ya ìyàwó mi níbi tó ti ń gé àlùbọ́sà. Ọ̀sán gangan ni mo wọ yàrá òkùnkùn. Balùwẹ̀ wa kékeré ni, mo fi aṣọ dúdú dí fèrèsé ẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Kò sí ìró kankan, àfi omi tó ń kán. Mo fọ fíìmù náà, mo jẹ́ kó gbẹ, mo gbé e sójú iná.

Àwòrán wà níbi tí mo tẹ̀ dànù.

Ọ̀nà olókùúta ni, kùrukùru bò ó. Ẹnì kan wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó gbé báàgì.

Orí mi wú. Mo pe ìyàwó mi. Ó wò ó títí.

"Fíìmù àlòkù ni wọ́n tà fún yín," ló wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu. Mo lọ ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, mo fi eyín já ọ̀rá ẹ̀ fúnra mi. Mo dé ojú kámẹ́rà, mo tún fi ọwọ́ bo ìdérí náà. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà olókùúta yẹn kan náà ni. Onítọ̀hún ti sún mọ́ mi báyìí. Bàtà mi ló wọ̀. Báàgì náà jọ tèmi, ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ wà lápá òsì rẹ̀, wọ́n rán an ní ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Báàgì tèmi kò ní àbùlẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo ní kì í ṣe èmi. N kò fi han ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni báàgì mi há mọ́ irin àtẹ̀gùn, ó ya. Mo jù ú sílẹ̀ nílé, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ìyàwó mi ti rán an tán, ó ń gé òwú. Apá òsì ni. Ìlà méjì tó dábùú ara wọn.

"Ta ló ní kó o rán an báyìí?"

"Báwo ni ǹ bá ṣe rán an? Ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe ya."

Mo gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ pe afinimọ̀nà, mo bi í bóyá àwọn èèyàn ń gun òkè lásìkò yìí.

"Rárá o. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Ó dìgbà tó bá gbẹ."

"Kò sí ẹnì kankan lókè?"

 Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀.

"À ń rí iná kan," ló wí. "Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. A lọ wò ó, a ò bá èèyàn níbẹ̀."

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò jáwọ́. Ojú mi ni. Láràárọ̀ ni mo ń wo òkè náà, láràárọ̀ ni etí rẹ̀ ń yọ́ lójú mi. Mo tu ara mi nínú pé bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nínú àwòrán yẹn, a jẹ́ pé màá débẹ̀. Mo tún ra fíìmù mìíràn.

Ẹni méjì ni wọ́n nínú àwòrán lọ́tẹ̀ yìí. Èkejì wà níwájú, ó di ẹni tó gbé báàgì lọ́wọ́ mú, ó ń fà á. Obìnrin ni. Ó wé ìborí. Èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Láti ìgbà èwe wa ni mo ti ń tẹ̀lé èjìká yẹn kiri.

Mo jókòó sílẹ̀ ní balùwẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe fún ara mi. Àyà tí kò gba àtẹ̀gùn ilé, kí ló fẹ́ lọ ṣe lórí òkè? Mo dáná sun fíìmù náà.

Nídìí oúnjẹ, kí n tó lanu, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo ti rò ó. Màá bá yín lọ."

"Síbo?"

"Sórí òkè. Ta ni yóò mú yín lọ́wọ́ bí ojú bá ṣú yín lọ́nà? Ohun tó bá ojú ti bá imú."

"O ò lè gùn ún."

"Màá máa rọra."

"N ò lọ mọ́, Ìyá wọn."

Ó rò pé àwàdà ni. Mo tú báàgì níṣojú rẹ̀. Mo pe afinimọ̀nà pé kó má retí mi lọ́jọ́ tí a jọ dá. Ó dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyàwó mi ra oòrùn. Ó gbá orí mi mọ́ra, ó sunkún ayọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ ká lọ, kò tètè dìde. Ó ní ó rẹ òun, kí n jẹ́ kí òun sùn díẹ̀ sí i. Èmi náà ki fíìmù kan sí kámẹ́rà, mo dé e, mo tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i pé òkùnkùn nìkan ló kù níbẹ̀. Mo wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo yọ fíìmù náà sọ́wọ́ nínú òkùnkùn.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó rọra ń gòkè. Ó dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó kọjá, ó ṣì ń gòkè.

Kò sí àjà kankan lórí tiwa.

Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ á ba fíìmù jẹ́. Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo dúró, mo fọ̀ ọ́ tán pátápátá. Ẹsẹ̀ náà ń lọ sókè, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ìyàwó mi ló wà nínú àwòrán náà. Òun nìkan ni. Ó dúró ní ṣóńṣó òkè, ó kọjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Oòrùn ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń yàwòrán, n kò tíì rí èyí tó dára tó o.

Mo sáré jáde. Ó wà nílé ìdáná, ó dúró síbi fèrèsé.

"Ìyá wọn?"

"Hẹn?"

"Ṣé o jáde ni?"

"Níbo ni kí n lọ?"

Mo dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ náà tutù.

Láti ọjọ́ yẹn, àyà kò dùn ún mọ́. Ó ń gun àtẹ̀gùn bó ṣe wù ú, n kì í gbọ́ kó mí. Dókítà ní kí a máa dúpẹ́. Ojú tèmi ti lọ tán, ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Mo fọwọ́ kan imú, ẹ̀kẹ́, èjìká. Gbogbo rẹ̀ pé síbi tó yẹ kó wà.

Mo máa ń bi í pé, "Ìyá wọn, ṣé ìwọ nìyí?"

Á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ gan-an ni.

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo di ọwọ́ náà mú, mo ń retí kó móoru.